Láísẹ́ńsì Ètò Kọ̀ǹpútà: Ṣé Orí Ènìyàn Ni A Ó Kà, tàbí Orí Ẹ̀rọ?



 



Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́dún yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Wọ́n lè ní, kí ni ó kan àáfà nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà? Ọmọ kéwú kan ni ó fa ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ tí a ń túmọ̀ Súratul-Mutaffifīn fún kíláàsì Iʿdādī, a sọ̀rọ̀ títí lórí àwọn tí wọ́n ń gba òṣùwọ̀n kíkún tí wọ́n sì ń wọn èyí tí kò kún fún ẹlòmíràn. A fi kóńgò ìrẹsì àti gààrí ọjà Ọ̀wọ̀dé ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọkùnrin kan na ọwọ́ sókè, ó ní, "Àáfà, ẹ má bínú sí mi o. Ìlà pupa tí ó máa ń wà lókè ojú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa, tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ètò yìí kò ní láísẹ́ńsì, ṣé òun kò sí nínú ohun tí ẹ ń sọ yìí?"

Kíláàsì dákẹ́. Àwa náà dákẹ́. Ọmọ náà ti bá wa tẹ ìbéèrè ìdánwò nínú ọ́fíìsì rí, ohun tí ó fi ojú rẹ̀ rí ni ó sọ. A sọ fún un pé a ó wádìí. Ìwádìí náà ni a kọ sílẹ̀ yìí, nítorí a mọ̀ pé ìlà pupa yẹn kò sí ní ilé-kéwú tiwa nìkan.

1. KÍ NI LÁÍSẸ́ŃSÌ ÈTÒ KỌ̀ǸPÚTÀ?

Kọ̀ǹpútà tí kò ní ètò nínú dàbí wàláà tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ nǹkan sí. Ètò yìí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sọ́fúwíà, ni ó ń sọ fún ẹ̀rọ náà ohun tí yóò ṣe. Èyí tí ọ́fíìsì ń lò jù ni ètò tí a fi ń tẹ ìwé, èyí tí a fi ń ṣe ìṣirò, àti èyí tí a fi ń ṣe àfihàn ẹ̀kọ́. Ilé iṣẹ́ Microsoft di irú wọn pọ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Office; láti 1989 ni ó ti wà lórí àtẹ.

Bí a bá ra ìwé Nahwu kan lọ́jà, ìwé náà ti di tiwa. A lè tà á, a lè fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Ètò kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ṣe é kò ta ètò náà gan-an fún wa. Àṣẹ láti lò ó ni ó tà, ó sì fi àdéhùn sí i. Àṣẹ yẹn ni à ń pè ní láísẹ́ńsì.

Ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kí ó ṣàjèjì sí ọmọ kéwú. Ní ayé àwọn àáfà wa àtijọ́, akẹ́kọ̀ọ́ lè fi tàdáwà ara rẹ̀ da gbogbo ìwé olùkọ́ rẹ̀ kọ sórí tákàdá ara rẹ̀. Síbẹ̀, kò lè jókòó kí ó máa kọ́ ènìyàn ní ìwé náà ní orúkọ olùkọ́ rẹ̀ títí yóò fi gba ìjáàsà. Nínú ìjáàsà ni wọ́n ti ń dárúkọ ẹni tí a fún láṣẹ, ìwé tí a fún un, àti ohun tí ó gbọ́dọ̀ pa mọ́. Láísẹ́ńsì kọ̀ǹpútà náà, ìbéèrè mẹ́ta yìí ni ó ń dáhùn: ta ni a fún? Kí ni a fún un? Àdéhùn wo ni a bá a ṣe? Ẹni tí ó bá mọ ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní ṣi owó ná, kò sì ní jẹ gbèsè ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Àlùkìyámọ̀.

2. KÍ NI ẸSÌN ÀTI ÒFIN SỌ SÍ I?

Ẹsẹ̀ kìíní Súratul-Mā'idah pa á láṣẹ fún onígbàgbọ́ pé kí ó mú àdéhùn ṣẹ. Nínú hádíìsì tí Abū Dāwūd àti Tirmidhī gbà wá, Ànábì (S.A.W.) sọ pé Mùsùlùmí a máa dúró lórí májẹ̀mú tí ó bá ṣe, àyàfi májẹ̀mú tí ó bá sọ hàráàmù di hàláàlì tàbí tí ó sọ hàláàlì di hàráàmù.

Àwọn kan sọ pé ìwọ̀nyí wà fún ohun tí a lè fọwọ́ kàn, pé ètò kọ̀ǹpútà dàbí afẹ́fẹ́. Àwọn onímọ̀ Fíkìhì ti yanjú èyí. Ní December 1988, tí ó bọ́ sí Jumādal-Ūlā 1409, ìgbìmọ̀ àgbáyé tí à ń pè ní Majmaʿ al-Fiqh al-Islāmī jókòó ní ìlú Kuwait. Nínú ìpinnu wọn 43, wọ́n fi ẹnu kò pé ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lórí ìwé rẹ̀, ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ lórí ohun tí ó dá sílẹ̀, àti orúkọ òwò oníṣòwò, dúkìá ni gbogbo wọn, wọ́n ní iye, Ṣàríà sì dáàbò bò wọ́n. Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ wọ́n lójú.

Òfin ilẹ̀ wa náà sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1988 kan náà ni ìjọba Nàìjíríà ṣe òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé, Dìkírì 47, tí ó ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ ara ìwé tí ènìyàn kọ. Òfin tuntun ti 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní March 2023, ni ó rọ́pò rẹ̀, ó sì ń dáàbò bo ètò kọ̀ǹpútà bákan náà.

Àwíjàre méjì ni a máa ń gbọ́. Èkíní ni pé olówó ni àwọn tí wọ́n ni ètò náà, wọn kì í sì í ṣe ẹlẹ́sìn wa. Ẹ jẹ́ kí a rántí òru tí Ànábì (S.A.W.) ń ṣí kúrò ní Mọ́kà. Ó fi Sayyidinā Alī sílẹ̀ lẹ́yìn kí ó lè dá àmáànà àwọn ará Mọ́kà padà fún wọn, àwọn tí wọ́n ń wá ẹ̀mí rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́wọ́. Bí a kò bá gbọdọ̀ jẹ àmáànà ọ̀tá, mélòó mélòó ni ti ẹni tí kò ṣe wá ní ibi kankan?

Èkejì ni pé tálákà ni wá, pé ìnira ni ó sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ fún wa. Lóòótọ́, nínú Fíkìhì, ìnira tí kò ní ọ̀nà àbáyọ a máa ṣí ilẹ̀kùn kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí oúnjẹ hàláàlì wà níwájú rẹ̀ kò lè sọ pé ebi ni ó mú òun jẹ òkú ẹran. Bí a ó ti rí i nísàlẹ̀, hàláàlì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, owó rẹ̀ kò sì ga. Àìmọ̀ ni ó ń dà wá láàmú ju àìní lọ.

3. OHUN TÍ ÈYÍ TÍ A JÍ GBÉ NÁÀ ŃÁ WA

Kọ̀ǹpútà 4 ni ó wà nínú ọ́fíìsì wa. Àwa 14 ni a ń pín wọn lò: múdíírù, akọ̀wé, akápò, àti àwọn olùkọ́. Ọkùnrin kan tí ó ń tún ẹ̀rọ ṣe ni ó fi Office sínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti orí fìláàṣì kan ṣoṣo. Kò sọ ibi tí ó ti rí i, àwa náà kò bi í. Ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Ètò tí wọ́n fi ń já àgádágodo irú Office bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ìta ń pè ní kíráàkì. Ohun àkọ́kọ́ tí ó máa ń béèrè ni pé kí a pa ètò tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì. Ẹ wo ìyẹn: olè ní kí a kọ́kọ́ so ajá ilé mọ́lẹ̀. Ní sáà kan, nígbà tí wọlimọ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ṣí kọ̀ǹpútà akọ̀wé, a kò rí ìwé kan kà mọ́. Gbogbo máàkì sáà méjì ti di àmì tí kò ní ìtumọ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a fi tún un kọ láti inú ìwé ọwọ́ àwọn olùkọ́. Olùkọ́ kan ti sọ tirẹ̀ nù, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sì tún ìdánwò ṣe. Àwọn òbí tí wọ́n bínú sí wa nígbà náà kò mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ìdí rẹ̀ rèé, ẹ forí jì wá.

4. IRÚ LÁÍSẸ́ŃSÌ TÍ Ó WÀ

Ọ̀nà mẹ́rin ni a lè pín in sí.

(a) Èyí tí a so mọ́ ẹ̀rọ. A ó san owó lẹ́ẹ̀kan, a ó fi í sí kọ̀ǹpútà kan. Ẹnikẹ́ni nínú ọ́fíìsì tí ó bá jókòó sídìí ẹ̀rọ náà lè lò ó, ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan. Office 2024, tí ó jáde ní October 2024, ní irú èyí. Wọn kì í fi nǹkan tuntun kún un, ṣùgbọ́n Microsoft yóò máa dí ihò ààbò rẹ̀ títí di 9 October 2029.

(b) Èyí tí a so mọ́ ènìyàn. Owó oṣù tàbí owó ọdún ni, bí owó ilé tí a háyà. Microsoft 365 ni à ń pè é. Ẹni tí ó ní in lè fi í sí kọ̀ǹpútà 5, tábúlẹ́ẹ̀tì 5, àti fóònù 5, ṣùgbọ́n òun nìkan ni ó ni àṣẹ. Bí ènìyàn 14 bá ń lo ẹ̀rọ kan náà lábẹ́ irú èyí, láísẹ́ńsì 14 ni wọn yóò ní. Kí a ra ti ẹnì kan ṣoṣo, kí gbogbo wa sì máa fi orúkọ rẹ̀ wọlé, àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù nìyẹn. Ó dàbí kí akẹ́kọ̀ọ́ 14 máa gbé ìjáàsà ẹnì kan kiri. Bákan náà ni èyí tí wọ́n ṣe fún ẹbí, tí ènìyàn 6 lè lò: ilé ni wọ́n ṣe é fún, wọn kò ṣe é fún iṣẹ́ ọ́fíìsì.

(d) Èyí tí wọ́n yọ̀ǹda fún ilé ẹ̀kọ́. Google àti Microsoft ní irú tí wọ́n ń fún ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba mọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń lò ó, nítorí náà owó dátà wà níbẹ̀. Wọn yóò sì béèrè ẹ̀rí pé ilé ẹ̀kọ́ ni wá. Ilé-kéwú tí kò tíì fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba lè má rí i gbà, ìdí mìíràn nìyẹn tí ó fi yẹ kí a fi orúkọ sílẹ̀.

(e) Èyí tí ẹni tí ó ṣe é fi ta gbogbo ayé lọ́rẹ. LibreOffice ni ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn. A ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ síwájú.

5. BÍ A ṢE Ń ṢÍRÒ RẸ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wo iye tí a kọ sára ọjà, wọ́n á mú èyí tí ó kéré. Iye ti oṣù kan kéré lójú. Ẹ jẹ́ kí a fi iye tí wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà ní 2024 ṣe ìṣirò, kí àwọn ọmọ wa mú bírò wọn.

Office Home & Business 2024, tí a so mọ́ ẹ̀rọ, jẹ́ nǹkan bí $250. Microsoft 365 Business Standard, tí a so mọ́ ènìyàn, jẹ́ $12.50 lóṣù fún ẹni tí ó bá wọ àdéhùn ọdún kan. Ìyẹn jẹ́ $150 lọ́dún.

Ọ́fíìsì tiwa: ẹ̀rọ 4, ènìyàn 14. Bí a bá ka orí ẹ̀rọ, 4 lọ́nà 250 jẹ́ $1,000, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí a bá ka orí ènìyàn, 14 lọ́nà 150 jẹ́ $2,100 lọ́dún kan. Ní ọdún 5, ó di $10,500. Iṣẹ́ kan náà ni, ọ̀kan wọ́n ju èkejì lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá àti díẹ̀.

Ẹ má tíì sọ pé ti ẹ̀rọ ni ó dára nígbà gbogbo. Ẹ wo oníṣòwò kan tí òun nìkan ń lo ẹ̀rọ 4: ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan nílé, méjì tí ó ń gbé rìn. Ti ẹ̀rọ jẹ́ $1,000. Ti ènìyàn, $150 lọ́nà 5, jẹ́ $750 ní ọdún 5. Ní tirẹ̀, ti ènìyàn ni ó pọ́n jù. Nítorí náà, òfin tí a fẹ́ kí ẹ há sórí kò gùn: ibi tí ènìyàn ti pọ̀ ju ẹ̀rọ lọ, orí ẹ̀rọ ni kí ẹ kà, ibi tí ẹ̀rọ ti ju ìlọ́po mẹ́ta iye ènìyàn lọ, orí ènìyàn ni kí ẹ kà, kí ẹ sì ṣírò méjèèjì fún ọdún 5 kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ohun kan tún wà tí ó jẹ́ ti àwa ará Nàìjíríà. Dọ́là ni wọ́n fi ń ka owó yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ June 2023, $1 wà ní nǹkan bí ₦460 ní iye ìjọba. Ní February 2024, ó ti kọjá ₦1,400. Ilé iṣẹ́ tí ó ń san $2,100 lọ́dún ti bọ́ láti ₦966,000 sí ₦2,940,000, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi nǹkan kan kún ọjà náà. Ẹni tí ó sanwó lẹ́ẹ̀kan ti bọ́ nínú ìyẹn. Ẹni tí ó háyà yóò máa bá dọ́là jà lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ìjàkadì ni ọmọ Ọ̀fà lè borí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tún bi ara yín: ṣé gbogbo ẹ̀rọ ni ó nílò Office? Olùkọ́ tí ń tẹ ìbéèrè ìdánwò kò nílò ohun tí akápò ń lò. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ kan péré ni ó nílò rẹ̀, $1,000 ti di $250.

6. ÈYÍ TÍ Ó DÀBÍ WÁKÁFÙ

Ní 1985, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Jámánì kan, Marco Börries, dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí ó ṣe ètò ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní StarOffice. Ní 1999, ilé iṣẹ́ Sun Microsystems ti Amẹ́ríkà rà á, ní October 2000 wọ́n sì tú àṣírí bí a ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, lábẹ́ orúkọ OpenOffice.org. Ní 28 September 2010, àwọn kan nínú àwọn tí ń tún un ṣe ya sọ́tọ̀, wọ́n dá The Document Foundation sílẹ̀, wọ́n sì sọ tiwọn ní LibreOffice. Ó ń tẹ ìwé, ó ń ṣe ìṣirò, ó ń ṣí ìwé tí a fi Word àti Excel ṣe. A lè fi í sí ẹ̀rọ 4 tàbí 400, kí ènìyàn 14 tàbí 1,400 máa lò ó, láìsan nǹkan kan, láìdẹ́ṣẹ̀.

Ọmọ kéwú mọ irú nǹkan báyìí. Wákáfù ni, bí kànga tí olóore kan gbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ pé ohun tí kò ní olówó ni. Wákáfù ní májẹ̀mú ẹni tí ó yọ ọ́ sọ́tọ̀, Fíkìhì sì kọ́ wa pé kí a bọ̀wọ̀ fún májẹ̀mú náà. LibreOffice náà ní láísẹ́ńsì tirẹ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé láísẹ́ńsì náà yọ̀ǹda lílò, dídà kọ àti pínpín. Bí ẹnì kan bá dà á kọ sórí fìláàṣì fún yín tí ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, kò jalè.

Fún kíkọ Lárúbáwá, ẹ wọ inú Options, níbi tí a ti ń yan èdè, kí ẹ fàmì sí ibi tí a yà sọ́tọ̀ fún irú àwọn èdè bẹ́ẹ̀. Nígbà náà ni bọ́tìnì kíkọ láti ọ̀tún sí òsì yóò yọ jáde. Ọ̀pọ̀ àáfà kò mọ èyí, wọ́n á ní kò lè kọ Lárúbáwá. Ìrísí lẹ́tà tí a ń pè ní Amiri wà nínú rẹ̀. Ọmọ Íjíbítì kan, Khaled Hosny, ni ó ṣe é, lẹ́tà Naskh ilé ìtẹ̀wé Būlāq ní Káírò ni ó sì wò kọ. Ó dùn ún wò, ó ń gbé gbogbo àmì iʿrāb dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ọ̀fẹ́ kò túmọ̀ sí pé kò ní í ná wa ní nǹkan kan. Ìlú Munich ní Jámánì pinnu ní 2003 pé àwọn yóò fi ètò ọ̀fẹ́ rọ́pò ti Microsoft. Nígbà tí ó fi di 2013, nǹkan bí ẹ̀rọ 15,000 ni wọ́n ti yí padà. Síbẹ̀, ní 2017, ìgbìmọ̀ ìlú náà dìbò láti padà sí Windows. Lára ohun tí wọ́n ń rojọ́ lé lórí ni ìráhùn àwọn òṣìṣẹ́ àti bí ìwé ṣe ń dàrú láàárín ọ́fíìsì kan sí èkejì. Ní April 2024, ìpínlẹ̀ Schleswig-Holstein, ní Jámánì kan náà, kéde pé ẹ̀rọ 30,000 ti àwọn yóò bọ́ sí LibreOffice. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé sùúrù àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni owó tí a ń san fún ètò ọ̀fẹ́. Ẹni tí kò bá san án yóò padà sẹ́yìn.

7. ÀPẸẸRẸ LÁTI ILẸ̀ WA

Ní 2007, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ń ra kọ̀ǹpútà kékeré 17,000 fún ilé ẹ̀kọ́, irú èyí tí Intel ń pè ní Classmate. Ilé iṣẹ́ Mandriva ti ilẹ̀ Faransé ni wọ́n gbé ètò inú rẹ̀ fún, irú ètò tí kò wọ́n, tí a ń pè ní Linux. Kò pẹ́, ọ̀gá Mandriva, François Bancilhon, gbọ́ láti ọ̀dọ̀ agbaṣẹ́ṣe pé wọn yóò san owó Mandriva bí wọ́n ti ṣàdéhùn, ṣùgbọ́n wọn yóò yọ ọ́ kúrò, wọn yóò fi Windows sí i. Ní 31 October 2007, ó kọ lẹ́tà tí gbogbo ayé kà sí Steve Ballmer, tí ó jẹ́ ọ̀gá Microsoft nígbà náà. Ọ̀rọ̀ náà di ariwo. Nígbẹ̀yìn, àjọ USPF, tí owó náà ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, sọ pé Mandriva ni òun fẹ́.

Ohun tí ó yẹ kí ilé-kéwú àti mọ́sálásí kọ́ níbẹ̀ ni èyí: bí ẹni tí ó ni owó kò bá mọ ohun tí ó ń rà, ẹni tí ń bá a rà á ni yóò yàn fún un. Ó sì lè san owó ètò méjì lórí ẹ̀rọ kan. Ẹ má ṣe fi yíyàn sílẹ̀ fún ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ wá.

8. OHUN TÍ A ṢE NÍNÚ Ọ́FÍÌSÌ WA

A pe ìpàdé. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó dunnú. Olùkọ́ àgbà kan bi wá pé ṣé ìlà pupa ni yóò mú wa wọ iná ni. Múdíírù dá a lóhùn pé, "Àáfà, mi ò mọ ìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọ ti bi wá léèrè, a ò sì rí èsì fọ̀." Lórí ọ̀rọ̀ yẹn ni a fẹnu kò.

A pa gbogbo ohun tí ó wà nínú ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́. A fi LibreOffice sí mẹ́ta. A ra Office kan ṣoṣo, irú èyí tí a so mọ́ ẹ̀rọ, fún kọ̀ǹpútà akápò, nítorí àwọn ìwé kan tí ó ń gbà láti ìta kì í tò dáadáa níbòmíràn. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ni ó san án, rìsíìtì rẹ̀ wà nínú fáìlì fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó. Akọ̀wé wa kò fẹ́ràn èyí rárá fún bí oṣù kan. Ó ní bọ́tìnì kò sí níbi tí ó wà tẹ́lẹ̀, òótọ́ ni ó sì sọ. Ìwé ẹ̀rí Lárúbáwá wa pẹ̀lú tú ká, a tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ mẹ́rin ni a fi kọ́ ara wa. Nígbà tí ó yá, òun ni ó ń kọ́ àwa.

9. ÌMỌ̀RÀN FÚN ÒBÍ ÀTI ÌGBÌMỌ̀ MỌ́SÁLÁSÍ

(i) Ẹ kà á sórí ìwé kí ẹ tó lọ sọ́jà: ẹ̀rọ mélòó, ènìyàn mélòó, iṣẹ́ wo.

(ii) Ẹ má gbàgbé Windows fúnra rẹ̀, láísẹ́ńsì tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti Office. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni ó bá tiwọn wá, mọ́ ara ẹ̀rọ. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí Microsoft ń ṣe fún gbogbo ayé lórí Windows 10 parí ní 14 October 2025. Ẹ̀rọ tí kò bá lè gba Windows 11 lè lo Linux, irú bí Ubuntu, lọ́fẹ̀ẹ́.

(iii) Bí ẹnì kan bá ń ta nọ́ńbà Office fún yín ní owó pọ́ọ́kú, ẹ sá. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n yọ láti inú àdéhùn ilé iṣẹ́ ńlá, Microsoft sì lè tì í nígbàkúùgbà.

(iv) Ẹ gba rìsíìtì. Ẹsẹ̀ 282 Súratul-Baqarah, tí ó gùn jù nínú Àlùkùránì, ọ̀rọ̀ kíkọ àdéhùn owó sílẹ̀ ni ó wà fún. Ẹ kọ nọ́ńbà ètò kọ̀ọ̀kan àti ẹ̀rọ tí ó wà sínú ìwé kan. Owó mọ́sálásí kì í ṣe owó àpò ẹnì kan.

(v) Ẹ máa da iṣẹ́ yín kọ síbòmíràn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Láísẹ́ńsì kì í dí fáírọ́ọ̀sì lọ́wọ́ pátápátá.

ÌPARÍ

Ọmọ tí ó bi wá léèrè ti kúrò ní Iʿdādī báyìí. A kò tíì fún un ní èsì tán, nítorí a kò mọ bí a ó ṣe san ọdún tí a ti lò láìgba àṣẹ. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́hun, a sì fi ìwà náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọ ọ́fíìsì wa lónìí, kò ní í rí ìlà pupa kankan. Bí ó bá sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́jọ́ wọlimọ, yóò mọ̀ pé ohun tí a fi tẹ̀ ẹ́ mọ́.

Kí Ọlọ́hun fi ọ̀nà hàláàlì rọ̀ wá lọ́rùn, kí Ó sì mú ìlú Ọ̀fà tẹ̀síwájú nínú ìmọ̀ àti òótọ́. Āmīn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN AKẸ́KỌ̀Ọ́

1. Sọ ohun mẹ́ta tí ìjáàsà àti láísẹ́ńsì fi jọ ara wọn.
2. Ilé iṣẹ́ kan ní ẹ̀rọ 3 àti ènìyàn 9. Fi iye tí ó wà nínú ẹ̀kọ́ yìí ṣírò ọ̀nà méjèèjì fún ọdún 5. Èwo ni wọn yóò yàn?
3. Kí ni ó fà á tí ètò ọ̀fẹ́ fi dàbí wákáfù, tí kò sì dàbí ohun tí a rí he lọ́nà?
4. Béèrè lọ́wọ́ òbí rẹ irú láísẹ́ńsì tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà ilé yín. Má ṣe fi ìbéèrè náà dójú tì wọ́n; béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀.